Igi Tí Ó Kọ Tara Rẹ̀: Kòkó Ìbàdàn, Obì, àti Orúkọ Tí A Ń Pe Igi Tí Kò So

Lónìí, ìtàn ni mo fẹ́ kí a jọ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ogun tàbí ti oyè. Ìtàn igi ni, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí igi kan tí bàbá mi gé.

Bẹẹrẹ ni agbo ilé wa wà. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ agbo ilé láti Ọjà'ba dé Mápó àti Bẹ́yẹrúnká, ìgboro ni ilé wa, oko ni oúnjẹ ti ń wá. Abúlé ni àwọn àgbà ń gbé fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún. Ọdún Iléyá, ìgbéyàwó tàbí òkú ni ó ń kó wọn wá sílé. Bàbá bàbá mi ni ó gbin kòkó sí oko náà. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ 1983, iná ọyẹ́ jó o. Igi kòkó kan ṣoṣo ni ó kù lẹ́bàá ahéré, oko kòkó mìíràn sì jìnnà sí i gan-an.

Igi yìí lẹ́wà. Lọ́dọọdún ni ó ń tanná láti ìdí títí dé ẹ̀ka, òdòdó kéékèèké aláwọ̀ funfun tí ó pọ́n díẹ̀, tí a kò lè kà tán. Ṣùgbọ́n kò so. Òdòdó á là lówùúrọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á ti bọ́ sílẹ̀. Bàbá mi kọ́kọ́ pe igi náà ní akọ. Nígbà tí ọdún ń gorí ọdún, ó yí orúkọ padà, ó pè é ní àgàn. Ní 1994, ó mú àáké, ó gé e lulẹ̀. Èmi ni mo kó igi náà jọ fún ìdáná.

Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé kò sí èyí tí ó tọ́ nínú orúkọ méjèèjì. Kòkó kò dà bí ìbẹ́pẹ, tí akọ rẹ̀ máa ń dá yàtọ̀ sí abo. Nínú òdòdó kòkó kan ṣoṣo ni ẹ̀yà akọ àti ẹ̀yà abo jọ wà. Igi náà kì í sì í ṣe àgàn, nítorí ẹyin rẹ̀ pé, lẹ́búlẹ́bú akọ rẹ̀ náà sì pé. Ohun tí ó ṣe é ni pé ó kọ lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀, kò sì sí igi mìíràn nítòsí tí ó lè fún un ní òmíràn.

Kí ni kí á pè é?

Àwọn onímọ̀ ewéko ní orúkọ fún ìwà yìí ní èdè tiwọn. Àwa ńkọ́? Nítorí pé iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dá a lábàá. A ní ọ̀rọ̀ kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀: ìmọtara-ẹni-nìkan. Ẹ tú u wò: ì-mọ̀-ti-ara-ẹni-nìkan. Bí a bá fi ọ̀rọ̀-ìṣe “kọ̀” rọ́pò “mọ̀”, tí a sì yọ “nìkan” kúrò, a ó rí “ìkọtara-ẹni”, èyíinì ni kíkọ ohun tí ó jẹ́ ti ara ẹni. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí “mọ̀” àti “kọ̀” di ohùn àárín nítorí pé àbọ̀ tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀ lé wọn, gẹ́gẹ́ bí òfin gírámà wa ti wí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì létí, ó sì fi ìwà igi náà hàn ju akọ tàbí àgàn lọ. Òun ni n óò máa lò láti ìhín lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá.

Ìkọtara-ẹni kì í ṣe àrùn. Ọgbọ́n tí igi fi ń yẹra fún fífẹ́ ara rẹ̀ ni. Àwa Yorùbá mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ìbátan kì í fẹ́ ara wọn láàrin wa. Kí ọmọ agbo ilé kan ní Ọjà'ba tó fẹ́ ọmọ Bẹ́yẹrúnká, àwọn àgbà á wádìí, wọn á béèrè oríkì orílẹ̀, wọn á tọ ìdí ìyá àti ìdí bàbá, kí a má baà so ẹ̀jẹ̀ kan náà pọ̀. Alárinà sì wà láàrin wọn. Ti kòkó náà rí bẹ́ẹ̀. Alárinà tirẹ̀ ni àwọn kòkòrò tíntìntín kan tí wọ́n kéré ju kantíkantí lọ, tí wọ́n fẹ́ràn ewé jíjẹrà lábẹ́ kòkó. Àwọn ni wọ́n ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó dé òdòdó. Alárinà kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí kò ti sí ìdílé kejì.

Ilẹ̀kùn mẹ́ta

Kì í ṣe gbogbo ewéko ni ó ń kọ tara rẹ̀ lọ́nà kan náà. Ẹ fojú inú wo agbo ilé àtijọ́ kan ní Bẹẹrẹ: ojúde wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, yàrá sì wà. Àwọn ewéko kan ń dá àlejò tí wọn kò fẹ́ padà láti ojúde. Kábéèjì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kò ní lè hu gbòǹgbò rárá lórí ẹnu abo òdòdó. Ọ̀dùnkún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á jẹ́ kí àlejò wọlé, wọn á wá dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tábà ìgbẹ́ kan àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti ń ṣe. Ìdí nìyí tí ẹ kì í fi í rí hóró nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a ń rà lọ́jà: ọmọ ìdí kan náà ni gbogbo wọn lórí oko, wọ́n sì kọ ara wọn. Níbi tí a ti ń jẹ ẹran èso, àìso hóró kò pa wá lára, ó tilẹ̀ dùn mọ́ wa.

Ti kòkó le ju èyí lọ. Hóró ni a ń wá nínú rẹ̀, àfi ìgbà tí àlejò bá dé ẹnu yàrá ni ó sì tó ń kọ̀ ọ́. Lẹ́búlẹ́bú á hu, á gba ọ̀nà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ ẹyin láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ibẹ̀ ni ìpàdé akọ àti abo ti ń kùnà. Bí ìyẹn bá sì ti ṣẹlẹ̀, òdòdó náà á já bọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, tòun ti àwọn ẹyin rẹ̀ tí ó ti gba akọ. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òdòdó tí igi kòkó kan ń tan lọ́dún, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó máa ń di èso, ó tilẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀.

Bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n

Ìmọ̀ yìí kò ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1760, Joseph Kölreuter, ará Jámánì, rí ewéko kan tí kò so hóró bí a bá fi lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ sí i lára, ṣùgbọ́n tí ó so nígbà tí ó gba ti ẹlòmíràn. Ní 1876, Charles Darwin tẹ odidi ìwé kan jáde lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ewéko bá fẹ́ ara rẹ̀ àti bí ó bá fẹ́ ẹlòmíràn. Ó rí i pé ọmọ àfẹ́ra-ẹni kì í sábà ní agbára tó. Ṣùgbọ́n Darwin kò mọ ohun tí ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní 1925, Edward East àti Paul Mangelsdorf ní Amẹ́ríkà fi tábà dán an wò. Wọ́n fi hàn pé ojúkò kan ni ó wà nínú àbùdá ewéko náà, tí wọ́n pè ní S, tí oríṣiríṣi àmì sì lè jókòó sí i. Bí àmì tí ó wà lára lẹ́búlẹ́bú bá bá ti abo mu, wọ́n á kọ ara wọn.

Ti kòkó gan-an, F. J. Pound ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Trinidad ní 1932 pé ọ̀pọ̀ igi níbẹ̀ kì í so láti ara wọn. Ó yẹ kí á béèrè ìdí tí àwọn àgbẹ̀ wa kò fi mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn náà wà nínú irú kòkó tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Kòkó tí ó fẹ́ràn ara rẹ̀

Ìlú Brazil ni àwọn ará Potogí ti gbé kòkó kọjá òkun wá sí erékùṣù Príncipe ní 1822. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé São Tomé, ó sì dé Fernando Po ní 1854. Ní 1874, Squiss Ibaningo gbé e wọ ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà lónìí, ní agbègbè Bonny. Ní Yorùbá, J. P. L. Davies gbin oko kòkó sí Ìjàn lẹ́bàá Agége láàárín àwọn ọdún 1880. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjí tú ká ní 1893, tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kò rí ogun lọ mọ́, ọ̀pọ̀ wọn kọjú sí oko. Ilẹ̀ wà, ọwọ́ wà, kòkó sì ń bọ̀ láti ìhà Agége.

Irú kan ṣoṣo ni kòkó tí ó rin ìrìn àjò yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Amelonado. Amelonado kì í kọ tara rẹ̀. Igi kan péré lè dá so, hóró rẹ̀ á sì hù, ọmọ á jọ ìyá bí ìgbà tí a bu omi láti inú kóǹgò kan náà. Èyí kò jẹ́ ìyàlẹ́nu. Ewéko tí ó ń kọ tara rẹ̀ kò lè fi igi kan tàbí méjì tẹ ìlú dó. Ẹni tí kò bá nílò ẹlòmíràn ni ó lè dá nìkan tẹ̀ ẹ́ dó. Herbert Baker, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Gold Coast ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kọ èyí sílẹ̀ ní 1955 gẹ́gẹ́ bí òfin tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ewéko tí ó sọdá òkun. Ìtàn kòkó wa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu rẹ́gí.

Nítorí náà ni àgbẹ̀ Ìbàdàn fi lè ya èso kan lára igi aládùúgbò rẹ̀, kí ó gbìn ín, kí ó sì ní ìdánilójú pé yóò so. Kò sí olùkọ́ tí ó nílò. Láàárín ọgbọ̀n sí ogójì ọdún, kòkó bo ilẹ̀ Ìbàdàn, Ìfẹ̀, Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà. Owó rẹ̀ páànù ilé, ó rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní 1929 dúró lórí òkè, ìlú tí ń jẹ nínú kòkó sì yí i ká. Owó kòkó kan náà ni ó kọ́ Ilé Kòkó sí Dùgbẹ̀, èyí tí a parí ní 1965.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ kí Amelonado rọrùn fún wa náà ni ó fẹ́ pa á. Igi tí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ohun tí ó bá pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn.

Àrùn dé

Ní 1936, wọ́n rí àrùn kan lára kòkó ní Gold Coast tí ń mú ẹ̀ka wú, tí ewé ń ṣá, tí igi ń kú. Ní 1940, A. F. Posnette fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni, ìyẹn kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn kòkòrò kéékèèké olómi tí wọ́n ní ìyẹ̀fun funfun lára ni ó ń gbé e kiri láti igi dé igi. Ní 1944, wọ́n rí àrùn náà lẹ́bàá Ìbàdàn. Kò sí oògùn kankan tí ó lè wo igi tí ó bá ti mú. Ohun tí ìjọba mọ̀ ni gígé: gé igi tí ó ń ṣàìsàn, kí o sì gé àwọn tí ó wà ní ìtòsí rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ṣì ń so.

Ẹ fi ara yín sípò àgbẹ̀. Igi tí ó ń so lójú rẹ, tí o fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ, àlejò aláwọ̀ kákí kan dé láti Moor Plantation, ó ní kí wọ́n gé e lulẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1940, ẹgbẹ́ Máyégún dìde ní Ìbàdàn láti kọ gígé yìí. Orúkọ ẹgbẹ́ náà pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó tó ka: kí ayé lè gún. Nígbà tí ó yá, ó di dandan fún ìjọba láti dáwọ́ gígé dúró ní apá tí àrùn ti gbilẹ̀ jù.

Èmi kò sọ pé àwọn onímọ̀ náà kò mọ iṣẹ́ wọn. Lójú tèmi, ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ẹni tí ó fi èdè tí ó yé àgbẹ̀ ṣàlàyé fún un ìdí tí igi tí ó ń so fi gbọ́dọ̀ kú.

Kòkó tí ó ní àbùdá ìkọtara-ẹni

Ọ̀nà kejì ni láti wá kòkó tí yóò lè fara da àrùn. Ní 1937 àti 1938, Pound ti rìn dé òkè odò Amazon, ní ilẹ̀ Peru, níbi tí kòkó ti ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, ó sì kó irú wọn lọ sí Trinidad. Ní 1944, Posnette kó lára ọmọ wọn wá sí Tafo ní Gold Coast, níbi tí wọ́n dá Ilé Ìwádìí Kòkó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ilé Ìwádìí náà ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn níbí. Kòkó tuntun yìí tètè ń so, ó lágbára, ó sì ń fara da àrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ìran rẹ̀ ni wọ́n wá ń pín fún àwọn àgbẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pè é ní kòkó Amazon. Kòkó tí bàbá bàbá mi gbìn wà lára wọn.

Ohun kan ni wọn kò tètè rí. Kòkó inú igbó Amazon kò ní ìdí láti fẹ́ ara rẹ̀, nítorí ìdílé mìíràn kò wọ́n ọn nílẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ó ń kọ tara rẹ̀.

R. Knight àti H. H. Rogers ni wọ́n tú ìṣòro náà wò ní Tafo. Wọ́n gbé àbájáde wọn jáde ní 1953 àti 1955. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń fi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú láti igi dé igi, tí wọ́n ń bo òdòdó kí kòkòrò má baà dé ibẹ̀, tí wọ́n sì ń ka èyí tí ó so àti èyí tí ó bọ́. Wọ́n rí i pé ojúkò S wà nínú kòkó, àmì márùn-ún ni wọ́n sì rí lórí rẹ̀, tí wọ́n fún ní nọ́ńbà láti S1 dé S5. Àmì wọ̀nyí kò dọ́gba. S1 borí gbogbo wọn. S2 àti S3 jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Wọ́n borí S4. S4 sì borí S5.

Ẹ jẹ́ kí n fi oríkì orílẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Igi kòkó kọ̀ọ̀kan ní oríkì méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá borí èkejì, òun nìkan ni wọ́n ń kì. Igi tí ó ní S1 àti S4, S1 ni ó ń jẹ́. Bí igi méjì bá pàdé tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n á kọ ara wọn. Bí orúkọ wọn bá yàtọ̀, wọ́n á so. Igi kan sì ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà kò lè fẹ́ ara rẹ̀.

F. W. Cope ní Trinidad ni ó wo inú ẹyin fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1962 fi hàn pé nínú àwọn igi kan, ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan nínú ẹyin ni ó ń kọ̀. Nínú àwọn mìíràn, ìdajì. Nínú àwọn mìíràn, gbogbo rẹ̀. Ìṣirò náà yé ni bí a bá fara balẹ̀. Nínú igi S1 àti S4, ìdajì ẹyin ní S1, ìdajì lẹ́búlẹ́bú náà ní S1. Ìgbà tí S1 bá pàdé S1 nìkan ni ìkọ̀sílẹ̀ ń wáyé, ìyẹn ìdajì nínú ìdajì, ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan. Nínú igi S2 àti S3 tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́, S2 á kọ S2, S3 á kọ S3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì. Fún èyí tí gbogbo rẹ̀ ń kọ̀, Cope sọ pé àwọn ojúkò méjì mìíràn tún ń bá S ṣiṣẹ́. Ìwádìí òde òní tí ó ń ka àbùdá kòkó ní tààràtà ti tọ́ka sí àwọn ojúkò tí ọ̀rọ̀ náà kàn lórí kúrómósóòmù kìn-ín-ní àti ìkẹrin.

Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ

Ẹ wá wo ohun tí ìmọ̀ yìí túmọ̀ sí fún àgbẹ̀. Àṣà tí ó bá a láti ìgbà Amelonado ni pé kí ó ya èso lára igi tí ó bá so jù, kí ó gbìn ín. Nígbà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún kòkó Amazon, ọmọ ìyá kan náà ni ó kó jọ sí ojú kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á máa jẹ́ orúkọ kan náà. Òdòdó á pọ̀, èso á kéré. Àgbẹ̀ á ní ilẹ̀ ni kò dára, tàbí pé ìjọba ni ó fún òun ní irúgbìn burúkú, tàbí pé akọ ni wọ́n.

Ìbínú sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ láti àwọn abúlé Ìbàdàn wọ́ lọ sí Mápó, rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà sì bẹ́ sílẹ̀, kò sì rọlẹ̀ títí di 1969. Owó orí tí ó ga ni ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú owó kòkó tí kò tó nǹkan àti ìyà tí àwọn aṣojú ìjọba fi ń jẹ wọ́n. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn àgbẹ̀ ní àwọn yóò san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. N kò sọ pé ìkọtara-ẹni kòkó ni ó dá Àgbẹ́kọ̀yà sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí wọ́n gé kòkó rẹ̀ láìṣàlàyé ní 1948 kò ní ṣí etí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ ní ọ̀nà ìgbìn tuntun ní ogún ọdún lẹ́yìn náà.

Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ rí ọgbọ́n dá. Ní oṣù Kejìlá 1964, wọ́n dá Ilé Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí CRIN, sílẹ̀, èyí tí ó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí ó jọ àléébù ni wọ́n sọ di irinṣẹ́. Bí a bá gbin igi tí ó ń kọ tara rẹ̀, tí a sì gbin oríṣi mìíràn tí ó lè gbà yí i ká, gbogbo hóró tí ó bá so ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ àwọn méjèèjì, nítorí kò lè fẹ́ ara rẹ̀. Kò sí ìdí láti máa gé ẹ̀yà akọ kúrò nínú òdòdó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rí irúgbìn àdàlù tí ó lágbára. Ní ìgbà tiwa yìí, láàárín 2010 sí 2011, CRIN gbé oríṣi mẹ́jọ jáde, TC-1 dé TC-8, tí wọ́n tètè ń so.

Obì náà ń kọ̀

Kòkó nìkan kọ́. Ẹ lọ bá àwọn olóbì ní Ọjà'ba, ẹ béèrè bí obì ti ń wọ́n ní ọdún kan tí ó sì ń pọ̀ ní òmíràn. Obì àbàtà tí a fi ń bọ òrìṣà, tí a sì fi ń gbàdúrà níbi ìgbéyàwó, àti gbànja tí awẹ́ rẹ̀ jẹ́ méjì, tí àwọn Hausa Sábó ń kó lọ sí òkè Ọya láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ni wọ́n ní ìkọtara-ẹni. Àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ní CRIN ti kà á mọ́ àwọn ìdí pàtàkì tí igi obì kan fi ń so tí èkejì kò fi so nínú oko kan náà. Ó tilẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ pé igi méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà kọ ara wọn. Ó yẹ kí á ronú sí i: èso tí a fi ń so ìdílé méjì pọ̀ nílé wa, òun fúnra rẹ̀ kò lè wá sáyé láìsí ìdílé méjì.

Ìparí ọ̀rọ̀

Ìmọ̀ràn tí ó wà fún àgbẹ̀ nínú gbogbo èyí kò ṣòro. Má gbin oko látinú èso igi kan ṣoṣo. Gba irúgbìn láti ibi tí wọ́n ti mọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Bí o bá ń lo igi tí wọ́n so pọ̀ mọ́ òmíràn, èyí tí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, da oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀. Má ṣe gbá gbogbo ewé jíjẹrà kúrò lábẹ́ kòkó, nítorí ilé àwọn alárinà ni. Kí o sì tó gé igi tí ó ń tanná tí kò so, wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ ná.

Fún àwa tí a fẹ́ràn èdè, ìmọ̀ràn mìíràn wà. Orúkọ ni ó pa igi bàbá mi. “Akọ” sọ pé kò ní ohun tí abo ní. “Àgàn” sọ pé ó ní àléébù nínú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kò dúró lórí igi nìkan. Nínú agbo ilé wa, ìyàwó àbúrò bàbá mi kan wà tí wọ́n pè ní orúkọ kan náà títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó bímọ mẹ́ta ní ilé ọkọ kejì, ní Bẹ́yẹrúnká, kò jìnnà sí wa rárá. Ènìyàn kì í ṣe igi, n kò sì ní fi òfin kòkó dá ẹjọ́ ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwà ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan: ó gbé ohun tí ó kan ẹni méjì lé orí ẹnì kan.

Àwọn bàbá wa ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Èmi rò pé òwe nípa ìṣọ̀kan nìkan ni, títí mo fi mọ ìtàn kòkó. Bàbá mi ti darúgbó báyìí. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìkọtara-ẹni fún un lórí àga níwájú ilé wa ní Bẹẹrẹ, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Ṣé pé bí mo bá ti gbin ẹnì kejì tì í ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Kò sọ ohun mìíràn. Ní ọjọ́ kejì, ó rán mi lọ sí Ìdí-Ayunrẹ́ pé kí n lọ gba irúgbìn wá, oríṣi méjì, kí n má ṣe gba ọ̀kan.